Gálílì Inú Òjò

Mi ò fẹ́ràn èrò. Bí mo bá dé báńkì ní Ring Road tí mo rí i pé àwọn èèyàn ti tò dé ìta, ilé ni mò ń padà sí, kí owó náà dúró síbẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Ẹ má bínú sí mi. Tísà ni mí, Jọ́gíráfì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì, ariwo tí mò ń gbọ́ láti àárọ̀ Ajé títí di ọ̀sán Jímọ̀ ti sú mi pátápátá. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn ọgbà igbó kan báyìí tó wà lẹ́yìn Akóbọ̀, níbi tí ilé ti ń tán tí igi ti ń bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìgbà ni mo fẹ́ràn rẹ̀. Ìgbà tí ẹlòmíì kò bá sí níbẹ̀ ni.

Ọgbà náà kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan gba abẹ́ àwọn igi ńláńlá lọ títí dé etí adágún omi. Àtíbàbà onípáànù gbọọrọ kan wà létí omi náà fún àwọn tó bá fẹ́ jókòó jẹun, àwọn ọ̀bọ kan sì wà lókè tí kò nítìjú rárá, tí wọ́n mọ ìró ọ̀rá búrẹ́dì ju bí mo ṣe mọ ohùn ọ̀gá ilé ìwé mi lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì là ń já lẹ́nu géètì. Ọkùnrin tó ń já a fún wa ti mọ̀ mí dáadáa. "Tísà òjò" ló máa ń pè mí, nítorí pé ìgbà tí òjò bá ń lé àwọn yòókù sílé ni èmi ń yọjú.

Ohun kan wà tó máa ń bí mi nínú nípa àwa ará Ìbàdàn àti ọgbà yìí. Ìgbà tí ọgbà náà burẹ́wà jù lọ gan-an la máa ń wọ́ lọ síbẹ̀. Bí ọ̀yẹ́ bá ti dé, tí ètè gbogbo wa là, tí eruku bo ewé títí gbogbo igbó fi rí bí aṣọ tí wọ́n sá gbàgbé síta, ìgbà náà ni mọ́tò ń tò láti ẹnu géètì dé títì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á kó ara wọn wá láti Agbowó, wọ́n á máa fi fóònù ya fọ́tò lábẹ́ igi tí kò ní ewé lórí. Nígbà Kérésì, tọkọtaya á gbé kúlà ìrẹsì dé tọmọtọmọ. Èèpo àgbálùmọ̀ á kún gbogbo ilẹ̀. Adágún omi fúnra rẹ̀ á ti fà sẹ́yìn, á ku ẹrẹ̀ tó ti sán létí rẹ̀, àwọn lékeléke á máa rìn lórí rẹ̀ bí ẹni tó ń wá ohun tó sọnù. Bí ẹ bá bi àwọn èèyàn pé kí ló dé tó jẹ́ ìgbà yìí ni wọ́n wá, wọ́n á ní ilẹ̀ gbẹ, mọ́tò ò ní rì, bàtà ò ní dọ̀tí.

Kí òjò wá bẹ̀rẹ̀, kó fọ igbó náà mọ́, kí ewé máa dán, kí omi kún, kí labalábá pọ̀ débi pé wọ́n ń bà lé èèyàn léjìká, géètì á dá páropáro. Èmi àti àwọn òyìnbó díẹ̀ tó so awò gígùn mọ́rùn tí wọ́n ń wá ẹyẹ kiri la máa kù. Ọkùnrin ẹnu géètì á gbé àga rẹ̀ sábẹ́ agboorùn ńlá, á máa jẹ àgbàdo síse. "Tísà òjò," á ní, "ẹ káàbọ̀ sí ilé yín." Mo máa ń káàánú ọgbà náà nígbà náà. Ó ti wẹ̀, ó ti múra tán, kò sì sí àlejò tó yà síbẹ̀. Lẹ́sẹ̀ kan náà, mo máa ń dúpẹ́ pé wọn ò wá.

Ọjọ́ kan ṣoṣo ló wà nínú ọdún tí ìṣirò mi kì í bá mu: ọjọ́ Gálílì. Ajé tó bá tẹ̀lé Àjíǹde ni. Ìjọ Áńgílíkà ni o, Onítẹ̀bọmi ni o, Aládùúrà ni o, gbogbo wọn ló máa ń kó tọmọdé tàgbà jáde lọ́jọ́ náà láti lọ jẹun, kí wọ́n sì ṣeré níta, nítorí pé lẹ́yìn tí Jésù jíǹde, Gálílì ló ní kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn òun ti wá pàdé òun. Ọgbà igbó yẹn ni Gálílì tiwa. Ààlà ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò ni ọjọ́ náà sì máa ń bọ́ sí, ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ ń bọ̀ tìjàtìjà, tí ìjì rẹ̀ lè ṣí òrùlé, tí ẹnikẹ́ni ò sì mọ ọjọ́ tó máa dé. Kò sẹ́ni tó bìkítà. Òjò rọ̀ o, òjò ò rọ̀ o, wọ́n ń lọ sí Gálílì.

Màmá mi ló ni Gálílì. Mo mọ̀ pé Olúwa ló ni ín, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí lójú mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Tísà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, àwọn náà sì ni olórí ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Bódìjà. Wọ́n ṣe é títí àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọmọ tiwọn wá. Ìdààmú ọjọ́ Gálílì nígbà náà ni pé ìjọ pọ̀, ọmọ pọ̀, gbogbo aṣọ Àjíǹde sì jọra. Ọmọ wa lè bá ìjọ oníjọ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ṣálẹ́ńjì. Àtẹ́wọ́ ni màmá mi fi yanjú ọ̀rọ̀ náà. Bí ilé bá ti yá, wọ́n á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì, wọ́n á gbé báàgì fún mi, wọ́n á pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta: pá, pá, pá. Ọwọ́ tísà ni, ó ń dún jìnnà. Ọmọ tó bá jẹ́ tiwa, ibi yòówù kó wà, ì báà jẹ́ lórí igi, á dáhùn lẹ́ẹ̀mejì, pá-pá, á sì sáré bọ̀. Wọ́n á tún pa á, wọ́n á tún gbọ́, títí ìdáhùn náà á fi tó létí wọn. Ìgbà náà ni wọ́n á wá sọ pé, "Ó pé. Ẹ jẹ́ ká relé." Dírẹ́bà tó bá ṣáná sí mọ́tò ṣáájú ọ̀rọ̀ yẹn, á gbọ́ tirẹ̀.

Èmi nìkan ni kì í dáhùn. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo máa ń wà, èmi ni mo gbé báàgì dání, kò sì sẹ́ni tó ń pe ẹni tó dúró ti òun. Ó máa ń dùn mí díẹ̀. Àwọn ọmọ yòókù á máa sáré bọ̀ láti inú igbó tẹ̀ríntẹ̀rín, ẹsẹ̀ wọn kún fún eruku, èmi á dúró gbọnin bí ẹ̀ṣọ́.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni ojú màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n lẹ́nu. Wọ́n kọ́kọ́ ń da tíì sí ẹ̀gbẹ́ ife, a ní ara àgbà ni. Nígbà tí a fi máa dé ọ̀dọ̀ dókítà, ojú ọ̀tún ti lọ, tòsì sì ti ń tẹ̀lé e. Dókítà náà fara balẹ̀ ṣàlàyé fún wa pé èyí tó ti lọ kò lè padà mọ́, pé oògùn tí a ó máa kán sí i wà láti di ìwọ̀nba tó kù mú, òun ò sì lè sọ bó ṣe máa pẹ́ tó. Màmá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Inú mọ́tò la wà, a ti ń sún mọ́ Bódìjà, nígbà tí wọ́n sọ ìfẹ́ ọkàn wọn.

"Mo fẹ́ lọ sí Gálílì kí èyí tó kù yìí tó lọ."

"Ẹ máa lọ, Mọ́mì."

"Má wulẹ̀ sọ fún mi pé mo máa lọ. Ìwọ lo máa mú mi lọ."

Mo ní mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Àjíǹde dé, àyà mi já. Lọ́jọ́ Àjíǹde gan-an, lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ kan tó ń sáré kọlù wọ́n láti ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọn ò ti ríran mọ́, díẹ̀ ló kù kí wọ́n ṣubú. Mo ro bí ẹnu géètì ọgbà yẹn ṣe máa rí lọ́jọ́ kejì, mo ro adágún omi tí kò ní odi yí i ká, mo ní kí bọ́ọ̀sì ìjọ wa má wulẹ̀ yà gbé wa. Mọ́mì dé fìlà Gálílì wọn láàárọ̀ Ajé, fìlà koríko elétí gbòòrò kan tí mo ti mọ̀ láti kékeré, wọ́n jókòó sí pálọ̀ títí oòrùn fi yí. Wọn ò bá mi jà. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù, nítorí pé màmá mi kì í gbójú fo ohunkóhun, wọ́n lè bá onítòmátì fa ọ̀rọ̀ fún ìdajì wákàtí.

Mo wá gbé ọgbọ́n mi kalẹ̀. Mo ṣáà mọ ojú ọjọ́, iṣẹ́ mi ni. Ní oṣù kẹjọ, òjò máa ń dá fún ìgbà díẹ̀ kó tó tún padà wá. Ilẹ̀ á gbẹ níwọ̀nba, oòrùn ò ní mú jù, igbó á ṣì tutù yọ̀yọ̀, adágún omi á kún dẹ́nu. Àwọn èèyàn ò sì tíì mọ̀ pé ẹrẹ̀ ti lọ, wọn ò ní sí níbẹ̀. Mo pinnu pé ìgbà yẹn ni mo máa mú màmá mi lọ, kí wọ́n fi ojú tó kù rí ohun tó dára jù lọ nínú ọgbà náà. Gálílì láìsí èrò! Ẹ̀bùn ńlá ni mo rò pé mo fẹ́ fún wọn, inú mi sì dùn sí ara mi gan-an.

"Tísà òjò, òjò ò rọ̀ lónìí o," ọkùnrin ẹnu géètì ní nígbà tí a dé.

"Màmá mi ni mo mú wá. Gálílì wa la wá ṣe."

Ó wo ojú ọ̀run, ó wo ojú mi, ó já tíkẹ́ẹ̀tì fún wa.

Mo fa Mọ́mì lọ́wọ́ gba ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ náà. Ọgbà náà kò rẹwà tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo ń tọ́ka síhìn-ín, mo ń tọ́ka sọ́hùn-ún. "Mọ́mì, ẹ wo àwọn labalábá." Wọ́n ní, "Níbo?" Mo ní, "Níwájú yín níbí." Wọ́n ní, "Hẹn-ẹn. Wọ́n dára." Mo ní, "Ẹ wo bí omi yẹn ṣe kún." Wọ́n ní, "Mo ń gbọ́ òórùn rẹ̀." A jókòó sábẹ́ àtíbàbà gbọọrọ náà, àwa méjèèjì nìkan lórí bẹ́ǹṣì tó lè gba odidi ìjọ, mo bu ìrẹsì àti dòdò fún wọn. Àwọn ẹ̀gà ń pariwo lórí ọ̀pẹ létí omi.

"Ta ló tún wà níbí?" màmá mi bi mí.

"Àwa nìkan ni. Kò sẹ́ni tó máa dà yín láàmú. Ṣé ẹ rí i bó ṣe tura?"

Wọ́n jẹ ìrẹsì díẹ̀, wọ́n gbé abọ́ kalẹ̀, wọ́n tẹ̀ mọ́ mi léjìká dìde. Wọ́n gbé báàgì wọn fún mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pàtẹ́wọ́: pá, pá, pá.

Àwọn ẹ̀gà dákẹ́. Ìró náà kọjá lójú omi, ó padà wá bá wa láti òdìkejì. Màmá mi yí etí síbẹ̀, wọ́n ń dúró. Ọkàn mi bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀. Mo gbé báàgì sílẹ̀ kíákíá, mo pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ìwọ kọ́ ni mò ń pè," wọ́n ní. "Ìwọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

Wọ́n tún dúró díẹ̀. Wọ́n tún fìlà wọn ṣe. "Kò pé," wọ́n ní, "ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká máa lọ ná." Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣàwàdà, kí n má bàa mọ ọ́n lára. Inú mọ́tò ni wọ́n tó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní ewé ibẹ̀ tutù, ìrẹsì náà sì dùn. Wọ́n wá ní, "Ọmọ mi, ojú mi ò rí ewé mọ́. Èèyàn ni mo ṣì ń rí, torí pé ohùn wọn máa ń wá bá mi níbi tí mo bá wà. Àwọn ni mo ní kí o mú mi lọ bá." A há sínú gosiló lẹ́nu ọjà Bódìjà, mo ń wo ẹ̀yìn mọ́tò tó wà níwájú mi, omi ń dà lójú mi, mo sì ń dúpẹ́ pé wọn ò rí i.

Nígbà tí Àjíǹde tó tẹ̀lé e fi máa dé, ojú òsì náà kò mọ̀ ju ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn lọ mọ́. Mi ò tún sọ pé èrò pọ̀. Mo kàn ń ṣọ́ ojú ọ̀run láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, nítorí pé bí a bá máa wọ àárín èrò, mi ò fẹ́ kí òjò tún bá wa níbẹ̀. Láàárọ̀ Ajé, mo jáde sí ìta, mo wo ìkùukùu, mo kíyè sí ibi tí atẹ́gùn ti ń wá, mo wọlé wá kéde bí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ rédíò.

"Òjò ò ní rọ̀ lónìí. Mo fọwọ́ sọ̀yà."

"Ká mú agboorùn dání," màmá mi ní.

"Mọ́mì, mo ní kò ní rọ̀."

Mọ́tò ti tò dé títì kí a tó débẹ̀. Ọkùnrin ẹnu géètì rí mi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ju tíkẹ́ẹ̀tì nù. "Tísà òjò! Ẹ̀yin náà, lónìí?" Mo di màmá mi mú ní ìgbọ̀nwọ́ bí ọlọ́pàá tó mú ọ̀daràn, a wọlé. Ẹ̀yin èèyàn mi, èrò! Àwọn ọmọ ń sáré nínú àpò, àwọn ọ̀dọ́ ń fa okùn, àwọn Aládùúrà wà nínú aṣọ funfun láìwọ bàtà, àwọn ìyá ń bu ìrẹsì, ẹ̀fúùfù gbé ọ̀rá gúgúrú lọ, ọ̀bọ gbé búrẹ́dì lọ. Eruku ẹ̀ẹ̀rùn ṣì wà lórí ewé, ọgbà náà ò dára rárá. Màmá mi ń rẹ́rìn-ín. Orí wọn ń yí síbí, ó ń yí sọ́hùn-ún, bí ẹnì kan bá ti kí wọn pé ẹ kú Àjíǹde, wọ́n á ní, "Dúró ná, má sọ fún mi," wọ́n á sì mọ ọmọ ta ni. A jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ó lè dára.

Lẹ́yìn náà, atẹ́gùn tutù kan fẹ́ kọjá lọ́rùn mi.

"Tísà," màmá mi ní wọ́ọ́rọ́wọ́, "kí ni mò ń gbọ́ ní apá ibẹ̀ yẹn?"

Mi ò tíì la ẹnu tán tí ìjì fi dé. Eruku gbéra nílẹ̀, fìlà ń fò, ọ̀run ṣú dùdù, òjò àkọ́rọ̀ sì dà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àtíbàbà kan ṣoṣo ló wà nínú ọgbà náà. Gbogbo ìjọ tó wà níbẹ̀ ló dorí kọ ọ́. Mo di màmá mi mú, mò ń fà wọ́n lọ, àwọn obìnrin méjì tó gbé kúlà ńlá dání sáré gba àárín wa kọjá, nígbà tí mo fi máa tún na ọwọ́ mi, èèyàn mìíràn ni mo dì mú.

"Mọ́mì!" mo pariwo. Gbogbo ìyá tó wà níbẹ̀ ló wo ẹ̀yìn.

Mo tún pè. Òjò tó ń lu páànù gbé ohùn mi mì. Èrò ti tì mí dé ìpẹ̀kun àtíbàbà, mi ò rí fìlà koríko níbì kankan, ohun tí mò ń rò kò ju adágún omi yẹn lọ, bí ilẹ̀ etí rẹ̀ ṣe máa ń yọ̀ bí òjò bá kọ́kọ́ bà á. Mo ní mo ti pa màmá mi.

Mo wá gbọ́ ọ. Pá, pá, pá.

Láti ìpẹ̀kun kejì àtíbàbà ló ti wá, lábẹ́ ariwo òjò. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tó gbé ọmọ kọ́rùn níwájú mi yí orí padà wìrì. Ó gbé abọ́ ìrẹsì rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Pá-pá. Obìnrin kan nínú aṣọ funfun Aládùúrà, tó jẹ́ pé ilé ọkọ ló gbé e kúrò ní ìjọ wa, dáhùn láti ẹ̀gbẹ́ òpó. Pá-pá. Bàbá kan tó ti pá lórí dáhùn. Màmá mi tún pa á, ìdáhùn wá láti ibi tó lé ní ogún, àwọn àgbàlagbà tó ní ilé àti ọmọ, gbogbo wọn sì ń ti ara wọn kọjá lọ sí ibi tí ìró náà ti ń wá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n ń sáré bọ̀ nínú igbó.

Èmi ò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mọ́mì. Èmi ni mò ń wá wọn. Mo gbé ọwọ́ mi méjèèjì sókè, mo pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fi ejìká là èrò yẹn já.

Ẹ̀yìn òpó ìkẹyìn ni Mọ́mì dúró sí, fìlà koríko ti rẹ̀ mọ́ wọn lórí, omi ń kán létí rẹ̀. Àwọn ọmọ wọn yí wọn ká, wọ́n ń jà du ọwọ́ wọn, kálukú ń ní, "Ẹ mọ ẹni tó di yín lọ́wọ́ mú." Màmá mi ń mi orí. "Ẹ dúró ná," wọ́n ń wí, "ẹ dákẹ́, ó ku ẹnì kan." Wọ́n gba ọwọ́ wọn padà, wọ́n tún pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

Iwájú wọn gan-an ni mo ti dáhùn. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fọwọ́ kan ojú mi tó tutù, imú mi, àgbọ̀n mi.

"Ó pé," wọ́n ní.

A ò lè relé. Òjò ṣì ń rọ̀ kíkankíkan, èrò fún wa mọ́ ara wa débi pé mi ò lè gbé apá. Mo gbàdúrà kó má tíì dá.